Ìbà Tí Kọ́ńtírì Jẹ Ní Gbèsè: Ìtàn Tó Wà Lẹ́yìn “A Bar Song”

Níbi ìgbéyàwó kan tí mo lọ n'Íbàdàn ní ìparí ọdún 2024, DJ ń gbé fújì lé àfúróbíìtì, ó ń gbé àfúróbíìtì lé fújì, àfi bó ṣe ṣàdédé sọ orin mìíràn sáàárín. Gìtá tí kò lo iná ló kọ́kọ́ dún. Àwọn ọ̀dọ́ tó wọ aṣọ ẹbí aláwọ̀ ewé hó yèè. Nígbà tí orin dé ibi ègbè, gbogbo wọn na ìka sókè, wọ́n ń bá olórin kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Bàbá kan tó jókòó tì mí, tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, gbé ife wọn kalẹ̀. Wọ́n ní, “Ṣé kì í ṣe irú orin Jim Reeves nìyí? Òyìnbó wo ló kọ ọ́?” Mo ní, “Kì í ṣe òyìnbó o, Bàbá. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá àti ìyá ẹ̀. Chibueze ni wọ́n ń jẹ́.” Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, “Chibueze kẹ̀?”

Ariwo ẹ̀rọ kò jẹ́ kí n ṣàlàyé fún wọn lọ́jọ́ náà. Àlàyé ọ̀hún ni mo ń kọ yìí, nítorí ọ̀rọ̀ orin tó dún lọ́jọ́ náà, “A Bar Song”, kò tíì tán nílẹ̀ títí di òní. Ó ti fa ìbéèrè kan jáde tí àwọn tó ń darí orin kọ́ńtírì, orin ìgbèríko irú ti Jim Reeves, ní Amẹ́ríkà ti ń yẹ̀ sílẹ̀ fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún: ta ló ni orin yìí gan-an, ta ló sì yẹ kí wọ́n júbà fún?

Orúkọ àbísọ olórin náà ni Collins Obinna Chibueze. Ọdún 1995 ni wọ́n bí i, ìlú Woodbridge ní ìpínlẹ̀ Virginia ló sì ti dàgbà. Igbo ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Nígbà tó wà ní kékeré, wọ́n fi ránṣẹ́ wálé, ó sì lo bí ọdún méjì ní bódìn ní Nàìjíríà kó tó padà sí Amẹ́ríkà. Chibueze túmọ̀ sí pé Ọlọ́run ni ọba. Ẹni tó bá ń jẹ́ Olúwajọba láàárín wa, orúkọ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ́. Kóòṣì tó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà nílé ìwé kò rí orúkọ náà pè. Shaboozey ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà á mọ́ kóòṣì lẹ́nu. Nígbà tí ọmọkùnrin náà wá di olórin, òun náà gbà á, ó sọ àṣìpè di orúkọ tó fi ń jẹun.

Ó pẹ́ kí aráyé tó mọ̀ ọ́n. Ó gbé àwo Lady Wrangler jáde ní 2018, ó tún gbé Cowboys Live Forever, Outlaws Never Die jáde ní 2022. Ráàpù àti kọ́ńtírì ló pò pọ̀ nínú méjèèjì. Ìgbà tí Beyoncé gbé Cowboy Carter jáde ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2024 ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, torí orin méjì ló ti bá a kọ nínú àwo náà. Ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin, ó gbé “A Bar Song (Tipsy)” jáde. Ó mọ ìgbà tí irin gbóná.

Ohun tí orin náà ń sọ kò le. Ọkùnrin kan ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, owó iṣẹ́ kò tó nǹkan, epo ọkọ̀ ti wọ́n, oúnjẹ ilé ti wọ́n, olólùfẹ́ rẹ̀ sì ń béèrè báàgì olówó ńlá. Ó wá bi ara rẹ̀ pé kí ni òun ń pa ara òun sí lórí iṣẹ́ yìí, ó sì gba ilé ọtí lọ, ibi tí wisikí àti ijó orí tábìlì wà. Ẹni tó bá ti tò fún bẹntiróòlù ní Nàìjíríà láti ọdún 2023 kò nílò ògbufọ̀ kó tó mọ ohun tí ọkùnrin yìí ń sọ. Mi ò ka ọtí mímu sí oògùn ìṣòro, àmọ́ mo gbọ́ àárẹ̀ inú orin náà. Wọ́n fi ìlù ijó bò ó ni. Bí ẹ bá yọ ìlù kúrò, ẹ̀dùn ọkàn òṣìṣẹ́ ló kù. Ìdí pàtàkì kọ́ńtírì náà kúkú nìyẹn láti ilẹ̀: ìgbésí ayé ẹni tó ń fi agbára rẹ̀ jẹun.

Òǹkà inú ègbè yẹn ló gbé ìtàn wá. Kì í ṣe Shaboozey ló kọ́kọ́ kà á. Ní 2004, ọ̀dọ́langba kan láti ìlú St. Louis ní ìpínlẹ̀ Missouri, tí wọ́n ń pè ní J-Kwon, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Jerrell Jones, ti kọ orin ráàpù kan tó ń jẹ́ “Tipsy”. Ní gbogbo ilé ìjó Amẹ́ríkà lọ́dún náà, òǹkà yẹn ló wà lẹ́nu àwọn èèyàn. Orin náà gun àtẹ Hot 100, tí ìwé ìròyìn Billboard fi ń to gbogbo oríṣi orin ní Amẹ́ríkà, dé ipò kejì. Kò dé ipò kìn-ín-ní. Lẹ́yìn ìyẹn, okìkí J-Kwon ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń rí fún ọ̀pọ̀ tí orin kan ṣoṣo sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká.

Ohun tí Shaboozey àti àwọn méjì tó bá a ṣe orin náà, Sean Cook àti Nevin Sastry, ṣe ni pé wọ́n gba òǹkà J-Kwon, wọ́n sì tún un kọ. Wọn kò gé e láti inú rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀. Bí èèyàn bá gé ohùn láti inú rẹ́kọ́ọ̀dù ẹlòmíràn, ọ̀nà méjì ló ní láti gbà tọrọ àyè: lọ́wọ́ ẹni tó kọ orin àti lọ́wọ́ ẹni tó ni rẹ́kọ́ọ̀dù. Bó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló fi ohùn ara rẹ̀ tún ọ̀rọ̀ àti ohùn orin náà kọ, àwọn tó kọ orin nìkan ló ń bá dúnàádúrà, a sì máa kọ orúkọ wọn mọ́ tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alábàápín. Ìdí nìyẹn tí èèyàn mẹ́fà fi wà lórí ìwé “A Bar Song”: Shaboozey, Cook, Sastry, lẹ́yìn náà J-Kwon àti Joe Kent pẹ̀lú Mark Williams, àwọn méjì tí wọ́n ń pè ní Trackboyz tó ṣe “Tipsy” àkọ́kọ́. Gbogbo ìgbà tí orin yìí bá dún lórí rédíò Amẹ́ríkà, owó ń wọlé fún wọn. Ìpín J-Kwon nínú iṣẹ́ tó ti ṣe ní ogún ọdún sẹ́yìn wá dé ipò tí tirẹ̀ fúnra rẹ̀ kò dé.

Ní òpin oṣù Kẹfà ọdún 2024, níbi àmì ẹ̀yẹ BET, ti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ní Los Angeles, Shaboozey ń kọ orin náà lọ lórí ìtàgé ni J-Kwon bá jáde sí i, tí àwọn méjèèjì jọ kọ ọ́. Nígbà tí mo wo fídíò yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó wá sí mi lẹ́nu ni ìbà. Ẹni tó bá mọ bí a ti ń ṣeré nílẹ̀ wa mọ̀ pé a kì í bọ́ sójú agbo kí a má júbà. Onífújì tó bá yá ohùn alápàlà á dárúkọ Hárúnà Ìṣọ̀lá. Ẹ̀rí ni pé èèyàn mọ ọ̀nà tí òun gbà débẹ̀, kì í dín iyì ẹni kù. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, torí orí rẹ̀ ni gbogbo nǹkan tó kù dá lé.

Nǹkan kan wà nípa àtẹ orin Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ tó ń ka ìròyìn kì í mọ̀. Billboard ní àtẹ méjì pàtàkì fún kọ́ńtírì. Ọ̀kan ni Hot Country Songs. Láti 2012, àtẹ yìí ń ka bí àwọn èèyàn ṣe ń gbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n ṣe ń rà á, àti bí gbogbo oríṣi rédíò ṣe ń lù ú. Èkejì ni Country Airplay, tí kì í ka ohun mìíràn àyàfi iye ìgbà tí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò kọ́ńtírì bá lu orin náà. Ará ìlú ló lágbára lórí ti àkọ́kọ́. Lórí ti kejì, àwọn ọ̀gá rédíò ló lágbára, àwọn tó ń pinnu lọ́fíìsì wọn pé èyí jẹ́ kọ́ńtírì, èyí kì í ṣe kọ́ńtírì.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Lil Nas X ní 2019. “Old Town Road” ti wọ Hot Country Songs kí Billboard tó yọ ọ́ kúrò, wọ́n ní ohun tó jẹ́ kọ́ńtírì òde òní nínú rẹ̀ kò tó. Ọmọkùnrin náà bọ́ sọ́dọ̀ Billy Ray Cyrus, àgbà olórin kọ́ńtírì tó jẹ́ aláwọ̀ funfun, wọ́n jọ tún un kọ, orin náà sì lo ọ̀sẹ̀ 19 ní ipò kìn-ín-ní lórí Hot 100, ohun tí orin kankan kò tíì ṣe rí títí di ìgbà náà. Ẹ wo Beyoncé náà. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, “Texas Hold 'Em” gba ipò kìn-ín-ní lórí Hot Country Songs; òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó débẹ̀. Àmọ́ lórí Country Airplay, ipò 33 ni orin kan náà dúró sí. Ará ìlú ń gbọ́ ọ, ọ̀gá rédíò ń wo òkè. Ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Oklahoma tilẹ̀ kọ́kọ́ dá ẹni tó ní kí wọ́n lù ú lóhùn pé orin kọ́ńtírì ni àwọn ń lù níbẹ̀, kó tó di pé àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ fi ìbéèrè bò wọ́n mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì lù ú.

Orin Shaboozey ló gba ipò lọ́wọ́ “Texas Hold 'Em” lórí Hot Country Songs. Láti ìgbà tí àtẹ náà ti wà láti 1958, kò ṣẹlẹ̀ rí pé kí aláwọ̀ dúdú kan gba ipò kìn-ín-ní lọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú mìíràn. Ní oṣù Keje, ó gun orí Hot 100. Ọ̀sẹ̀ 19 lòun náà lò níbẹ̀, ó bá “Old Town Road” dọ́gba. Àmọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé Country Airplay náà gbà á: ó gba ipò kìn-ín-ní níbẹ̀ pẹ̀lú. Rédíò kọ́ńtírì, rédíò orin ìgbàlódé, rédíò àwọn àgbàlagbà tó ń gbọ́ pọ́ọ̀pù, àti rédíò tó ń lu ráàpù àti orin ijó, lórí àtẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti wọ ipò mẹ́wàá àkọ́kọ́. Kò sí orin tó ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Kí ló fà á tí ilẹ̀kùn fi ṣí fún un tí kò ṣí fún Beyoncé? Ojú tèmi rí i báyìí. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 2004 ti di ọmọ ogójì ọdún ní 2024. Òun ló ń wa ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, òun ló ń gbọ́ rédíò lójú ọ̀nà, òǹkà J-Kwon sì ti wà lórí rẹ̀ láti ìgbà èwe. Orin náà dùn mọ́ ọn bí ohun tuntun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọkùnrin ni Shaboozey, rédíò kọ́ńtírì sì ti ń fojú tín-ínrín obìnrin ọjọ́ pẹ́, ìbáà jẹ́ funfun ìbáà jẹ́ dúdú. Beyoncé sì ti tóbi ju kó bẹ ẹnikẹ́ni lọ, àwọn ọ̀gá rédíò sì fẹ́ kí a máa bẹ àwọn.

Ilẹ̀kùn ṣí lóòótọ́, àmọ́ bí wọ́n ṣe gba àlejò kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, níbi CMA, àmì ẹ̀yẹ kọ́ńtírì tó ga jù, ní ìlú Nashville tó jẹ́ ibùdó orin náà, wọ́n yan Shaboozey mọ́ ara àwọn tó lè gba ẹ̀bùn olórin tuntun àti ti orin ọdún. Kò gba ọ̀kankan. Ìyẹn kò burú, ẹni méjì kì í gba ẹ̀bùn ẹnì kan. Ohun tó burú ni pé wọ́n fi orúkọ rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹnì kan tó wá gba ẹ̀bùn lórí ìtàgé tilẹ̀ fi orúkọ náà dípò ọ̀rọ̀ “ìdí” nínú àwàdà rẹ̀ nípa ẹni tó ti ń ta Shaboozey nípàá ọjọ́ pẹ́, kámẹ́rà sì sáré lọ sójú Shaboozey níbi tó jókòó sí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kò sẹ́ni tó ń ta òun nípàá.

Ó dùn mí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní London tó ń jẹ́ Olúwaṣeun. Ní ilé ìwé, wọ́n sọ ọ́ di Shawn kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí mo pè é ní Olúwaṣeun lórí fóònù, ó dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, bí ẹni pé ẹlòmíràn ni mo ń pè. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà náà. Orúkọ tí bàbá Chibueze gbé láti ilẹ̀ Igbo rékọjá òkun, tó ń sọ pé Ọlọ́run ni ọba, kóòṣì ti kọ́kọ́ ṣì í pè. Ọmọ náà fara mọ́ àṣìpè yẹn, ó fi ṣiṣẹ́, ó fi là. Ó tún wá di ohun tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín nínú gbọ̀ngàn tó kún fún àwọn tó ń fi orin rẹ̀ jó.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ọ̀rọ̀ náà tún yọjú ní Las Vegas níbi àmì ẹ̀yẹ AMA (American Music Awards). Shaboozey àti akọrin obìnrin kan, Megan Moroney, ló ń ka àwọn tó fẹ́ gba ẹ̀bùn. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún obìnrin náà láti kà ni pé ìdílé Carter, àwọn olórin aláwọ̀ funfun àtijọ́ kan, ló dá kọ́ńtírì sílẹ̀. Shaboozey yíjú wò ó, ó fi ẹ̀rín díẹ̀ sí i, ó ka èyí tó kàn án. Lọ́jọ́ kejì ló kọ ọ́ sójú òpó rẹ̀ pé kí àwọn èèyàn lọ wá orúkọ àwọn olórin dúdú mẹ́rin, Lesley Riddle, Steve Tarter, Harry Gay àti DeFord Bailey, lórí Google, ó sì fi ìdílé Carter náà kún un. Ó ní bí èèyàn bá tú ìtàn kọ́ńtírì tòótọ́ jáde, yóò rí ohun tí kò ṣeé pa rẹ́.

Mo wá wọn lóòótọ́. Ìtàn Lesley Riddle ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ọkùnrin dúdú ni, ọmọ North Carolina tó ń gbé ní Kingsport ní Tennessee. Jàǹbá kan níléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ló mú un pàdánù ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ìgbà tó ń gba ìwòsàn ló sì tẹra mọ́ gìtá. Ní nǹkan bí 1928, A. P. Carter, olórí ìdílé tí wọ́n ní ó dá kọ́ńtírì sílẹ̀ yìí, pàdé rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń rin ìrìn àjò láti abúlé dé abúlé lórí òkè Appalachia, wọ́n ń wá orin àtijọ́ lọ́dọ̀ àwọn àgbà. Bí ẹnì kan bá ń kọrin fún wọn, Carter á máa kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, Riddle á sì máa fi ohùn rẹ̀ sórí. Kò sí ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Riddle ni ẹ̀rọ náà. Bí wọ́n bá délé, yóò tún un kọ fún ìdílé náà títí wọ́n á fi mọ̀ ọ́n. Maybelle Carter, tí gbogbo ayé ń yìn fún bó ṣe ń ta gìtá, kọ́ nínú ohun tó mọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ Carter ni wọ́n kọ sára àwọn orin náà. Riddle kò gba rẹ́kọ́ọ̀dù tirẹ̀ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn, àfi ìgbà tí Mike Seeger, olórin kan tó ń kó orin àtijọ́ jọ, wá a kàn ní àwọn ọdún 1960.

DeFord Bailey ní tirẹ̀ jẹ́ ẹni kúkúrú tí rọpárọsẹ̀ bá jà ní kékeré, tó ń fi ẹnu fọn hàmóníkà bí ẹni ń fi ẹnu sọ̀rọ̀. Nashville ló ti ń ṣeré lórí rédíò WSM. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù Kejìlá ọdún 1927, ètò orin àwọn ọ̀mọ̀wé ló ṣáájú tiwọn lórí rédíò. Nígbà tó kan wọn, Bailey fọn “Pan American Blues”, ibi tó ti ń fi hàmóníkà ṣe ìró rélùwéè, bó ṣe ń gbéra, bó ṣe ń sáré, bó ṣe ń fun fèrè. Lẹ́yìn tó ṣe tán ni George D. Hay tó ń darí ètò náà sọ pé orin opera ńlá ni wọ́n ti ń gbọ́ láti ẹ̀ẹ̀kan, pé láti ìsinsìnyí lọ Grand Ole Opry ni wọn yóò máa gbọ́. Orúkọ tí ètò tó lókìkí jù nínú ìtàn kọ́ńtírì ń jẹ́ títí dòní nìyẹn. Ẹ̀mí ọkùnrin dúdú kan ló gbé e jáde. Ní 1941, wọ́n lé Bailey kúrò níbẹ̀. Ó lọ ń dan bàtà fún àwọn èèyàn ní ìlú Nashville kan náà, ó sì kú ní 1982. Ọdún 2005 ni wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ilé ọlá àwọn olórin kọ́ńtírì.

Báwo ni wọ́n ṣe gbàgbé irú àwọn wọ̀nyí? Wọn kò gbàgbé wọn lásán, ìṣòwò ló fà á. Ní àwọn ọdún 1920, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í ta orin ìgbèríko Gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n pín ìwé ọjà wọn sí méjì: orin àwọn dúdú lọ́tọ̀, orin àwọn funfun orí òkè lọ́tọ̀. Dúdú àti funfun ń gbọ́ ara wọn lóko, wọ́n ń kọ́ orin lọ́wọ́ ara wọn, àmọ́ nínú ìwé ọjà, ògiri ti wà láàárín wọn. Èyí tí wọ́n kọ orúkọ funfun sí ló di kọ́ńtírì. Bẹ́ẹ̀ báńjò, tó jẹ́ ohun èlò tí gbogbo ayé fi ń mọ orin náà, ilẹ̀ Áfíríkà ló ti wá pẹ̀lú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. Àwọn Jola ní Senegal àti Gambia ṣì ń ta akonting, tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀, títí di òní.

Ògiri yẹn kò dí gbogbo èèyàn lọ́nà tán. Charley Pride la inú rẹ̀ kọjá, ọmọ Mississippi tó ti ń gbá beesibọ́ọ̀lù kó tó di olórin. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń fi orin rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn rédíò, wọn kò fi fọ́tò rẹ̀ mọ́ ọn. Linda Martell gun ìtàgé Opry ní 1969, obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó dá ṣeré níbẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ sì dí lẹ́yìn náà. Láti 1983 tí Pride gba ipò kìn-ín-ní kẹ́yìn, ọdún 25 ló kọjá kí aláwọ̀ dúdú mìíràn tó ń dá kọrin tó dé ibẹ̀ lórí rédíò kọ́ńtírì: Darius Rucker ni, ní 2008.

Àwa náà ní ọ̀rọ̀ tiwa nínú rẹ̀. Ìbéèrè Bàbá lójú agbo yẹn kì í ṣe ti àìmọ̀kan. Nílé wa, ọjọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn, kásẹ́ẹ̀tì Jim Reeves ni bàbá mi máa ń fi sí i. Bí téèpù bá ti hun, wọ́n á fi bírò yí i padà, wọ́n á tún fi sí i. Jim Reeves kú nínú jàǹbá ọkọ̀ òfurufú ní 1964, ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà kò sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ kú. Ẹ sì tún gbọ́ orin King Sunny Adé ti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980: ohùn tó ń yọ̀ bí omi tó ń ṣàn láàárín gìtá àti ìyá ìlù yẹn, gìtá onírin tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ta ni, ohun èlò tí kọ́ńtírì sọ di tirẹ̀. Démọ́lá Adépọ̀jù ló ń ta á. Òun náà ni Paul Simon pè kó wá ta á sí orin “Graceland” ní 1986. Ọmọ Yorùbá ló ta gìtá Nashville sí orin òyìnbó Amẹ́ríkà, nígbà tí Nashville fúnra rẹ̀ ń ṣiyèméjì pé dúdú mọ kọ́ńtírì.

Nítorí náà, inú mi dùn sí Shaboozey. Àmọ́ ibì kan wà tí ó yẹ kí àwa ará Nàìjíríà ti ṣọ́ra. Nígbà tí orin náà dé òkè, ọ̀pọ̀ nínú wa ń pariwo pé ọmọ wa ti gba kọ́ńtírì lọ́wọ́ òyìnbó. Kì í ṣe òyìnbó nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ló tẹ́ ọ̀nà yẹn, Riddle pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan, Bailey pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìdan-bàtà lọ́wọ́. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ bá ọkọ̀ òfurufú dé Amẹ́ríkà bá ọ̀nà nílẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2026, nígbà tí Shaboozey gba Grammy rẹ̀ àkọ́kọ́ fún “Amen”, orin tí òun àti Jelly Roll jọ kọ. Ó ń sunkún lórí ìtàgé, ó ní àwọn tó ṣí wá láti ilẹ̀ mìíràn ló kọ́ Amẹ́ríkà, ó sì fi ẹ̀bùn náà fún gbogbo ọmọ irú wọn. Ó sọ ọ́ ní àkókò tí ìjọba ń lé àwọn àjèjì kiri, ọ̀pọ̀ sì pàtẹ́wọ́ fún un. Àmọ́ àwọn dúdú Amẹ́ríkà kan bi í pé àwọn baba ńlá àwọn ńkọ́, tí kò ṣí wá, tí wọ́n dè lókùn gbé wá. Ìbéèrè wọn tọ̀nà. Kò pẹ́ tó fi kọ̀wé pé òun mọ̀ pé àwọn dúdú ló kọ́ ilẹ̀ náà pẹ̀lú, pé òun kò ní i lọ́kàn láti fojú fo iṣẹ́ wọn. Ní ọdún tó ṣáájú, òun ló ní kí aráyé lọ wá orúkọ Lesley Riddle. Mo gbà á gbọ́.

Ó dárúkọ ìyá rẹ̀ lórí ìtàgé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí wọ́n ti ṣe fún ọgbọ̀n ọdún ní wọ́ọ̀dù àwọn alárùn ọpọlọ, pé iṣẹ́ mẹ́ta, iṣẹ́ mẹ́rin ni wọ́n ń pa pọ̀ kí òun àti àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n òun lè jẹun.